Ẹ̀sùn lórí bíréèkì ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣe láìdúró kí ẹ́ńjìnnì tutù

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Àtúnṣe,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù wa tí ẹ dá padà lẹ́yìn tí ẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) àti bíréèkì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ (èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn) kò ṣeé gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè. A fẹ́ kí ẹ tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Súwíìṣì bíréèkì náà ní ipò mẹ́ta: ìkíní fún sílíńdà 2, ìkejì fún 4, ìkẹta fún gbogbo 6. Tí awakọ̀ bá ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, ọkọ̀ kì í fà sẹ́yìn sí i, ariwo pà-pà-pà tó yẹ kó ki sí i kì í yí padà. Sílíńdà méjì kò dáhùn nìyẹn: bóyá wáyà solenoid wọn (ohun tí iná ń mú ṣiṣẹ́ láti tan bíréèkì náà) já, tàbí ẹ kò ki wáyà náà bọ̀ ọ́ padà kí ẹ tó de ìdérí fáàfù. Àwọn mẹ́rin tó kù náà kò lágbára, kódà nínú jíà kékeré tí ẹ́ńjìnnì ń yí nǹkan bí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tó yẹ kí wọ́n ti di ọkọ̀ mú gan-an.

Ìwé iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí: ọkọ̀ wọlé ní aago 9:00, ẹ ti wọn àlàfo tó wà láàárín bíréèkì yìí àti fáàfù tán ní 9:50. Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà dé kò lè tutù láàárín àkókò yẹn, irin tó gbóná sì máa ń fẹ̀, àlàfo tí ẹ wọ̀n kò lè tọ̀nà. Nígbà tí pístìnnì bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè ni bíréèkì yìí máa ń ṣí fáàfù ẹgisọ́ọ̀sì (ìlẹ̀kùn tí èéfín ń gbà jáde) díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ náà tú jáde, kó má baà ti pístìnnì padà. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, fáàfù á pẹ́ ṣí, agbára á dín kù. Bó bá há jù, fáàfù lè kan pístìnnì, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ yín kan tún ní kí awakọ̀ máa fi bíréèkì ẹsẹ̀ dí i. Èyí dùn wá ju iṣẹ́ náà lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì á gbóná, á fẹ̀ kúrò lára láíníìnì tó ń tẹ̀ ẹ́ láti dá táyà dúró. Ẹsẹ̀ awakọ̀ á wà lórí pẹ́dà, ọkọ̀ á ṣì máa sáré.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn mọ́jú. Kí fáàfù ẹgisọ́ọ̀sì sílíńdà tí ẹ ń wọ̀n sì pa dé pátápátá kí ẹ tó ki feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ̀ ọ́. Ẹ yẹ solenoid kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ kọ iye àlàfo sílíńdà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Awakọ̀ wa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dán ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Ọkọ̀ náà kò ní gbérù títí ẹ ó fi dáhùn.

Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọkọ̀