Ariwo lórí owó Hajj, ìdákẹ́jẹ́ lórí owó ọmọ ilé-ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí ìjọba wa lọ wo bí wọ́n ṣe ń náwó lórí Mùsùlùmí ní Íńdíà, kó sì fowó kún owó Hajj wa. Ó ní wọ́n ní iléeṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ lọ, tó sì ń gba owó tirẹ̀ nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún. Òótọ́ ni, láti 2006 ni iléeṣẹ́ náà ti wà. Àmọ́ ìdajì ìtàn ló sọ. Mùsùlùmí lèmi náà, tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìdajì tó fi sílẹ̀ ló ń dùn mí.

Ní 2005, Manmohan Singh tó jẹ́ olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wo bí ayé Mùsùlùmí ibẹ̀ ṣe rí. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Rajinder Sachar, ni alága wọn. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ìparí 2006, Mùsùlùmí lé ní 13 nínú 100 ará Íńdíà, ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní IAS, 3 péré ni wọ́n nínú 100. Nínú ọmọ Mùsùlùmí mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 6 sí 14, ọ̀kan ni kò dé ilé-ìwé rí tàbí tó ti fi í sílẹ̀. Àwọn kan ti máa ń sọ pé ilé kéú ló gba àwọn ọmọ náà. Ìgbìmọ̀ yẹn kà wọ́n: nínú 100 ọmọ Mùsùlùmí tó tó ilé-ìwé lọ, 3 péré ló wà nílé kéú. Ìṣẹ́ ni, kì í ṣe kéú.

Lẹ́yìn ìròyìn yìí ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ ní owó ìrànwọ́ láti kíláàsì kìíní. Fún ọmọ kíláàsì 1 sí 5 tó ń ti ilé wá, 100 rúpì lóṣù ni, fún oṣù mẹ́wàá. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tí kò níwèé kì í sọ fún tíṣà pé kò sówó nílé. Á kọ́kọ́ pa ọjọ́ kan jẹ lọ́sẹ̀, á di ọjọ́ méjì, nígbà tó bá di sáà tó tẹ̀ lé e, gáréèjì lẹ ó ti bá a, á ti gbé omi inú ọ̀rá lérí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìjọba wa náà ń kéde, síbẹ̀ mi ò lè ka iye ọmọ tí mo fi owó ara mi ra bírò fún.

Owó Hajj ni wọ́n wá ń pariwo lé lórí ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba ń bá àwọn tó ń lọ Mẹ́kà san lára owó ọkọ̀ òfurufú. Àwọn alátakò ní ìbò ni wọ́n fi ń rà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fúnra wọn ní àwọn ò rí i jẹ, Air India ló ń gbé e mì. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa dín in kù títí tí yóò fi tán láàrin ọdún mẹ́wàá. Súrà Al-Imran gan-an ni adájọ́ tọ́ka sí, pé ẹni tó bá lágbára àtilọ ni Hajj jẹ́ dandan fún. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba Narendra Modi fòpin sí i pátápátá, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin làwọn máa fi owó náà ṣe. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní alhamdulillahi.

Kò pé ọdún márùn-ún. Ní ìparí 2022, ìjọba yẹn kan náà kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán fún kíláàsì 1 sí 8, pé òfin ti sọ ẹ̀kọ́ wọn di ọ̀fẹ́. Kíláàsì 9 àti 10 nìkan ló kù. Kò pẹ́ sí i, wọ́n tún pa owó Maulana Azad tí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di ọ̀mọ̀wé ń gbà. Nínú ètò ìṣúná tó tẹ̀ lé e, 50 bílíọ̀nù rúpì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ náà di 31 bílíọ̀nù. Nínú ẹgbẹ̀rún rúpì tí ìjọba Íńdíà fẹ́ ná lọ́dún yẹn, èyí tó kan iléeṣẹ́ yìí kò tó rúpì kan, ẹ̀sìn mẹ́fà ló sì ń pín in. 50 bílíọ̀nù ti tẹ́lẹ̀ gan-an kò pé: nígbà tí wọ́n tún un ṣírò, 26 bílíọ̀nù ló kù.

Ìjọba wọn ní Mùsùlùmí ń rí ilé àti gáàsì ìdáná gbà nínú ètò tó wà fún gbogbo ìlú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé gáàsì ló máa ra ìwé?

Èmi ti lọ Mẹ́kà, ọdún mẹ́fà ni mo fi dájọ owó rẹ̀. Ní 2024, 90 bílíọ̀nù náírà ni ìjọba àpapọ̀ wa gbé kalẹ̀ láti fi dín owó Hajj kù, òun náà ni arákùnrin wa fẹ́ kó lé sí i. Àwọn bàbá wa tó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923 kò kọ́kọ́ sáré wá owó ọkọ̀ Mẹ́kà. Wọ́n rí i pé ilé-ìwé àwọn míṣọ́nárì ń sọ ọmọ Mùsùlùmí di Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n dáwó jọ, wọ́n kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Kí arákùnrin wa bá mi béèrè lọ́wọ́ aṣòfin àdúgbò rẹ̀: èló ló wà fún àga àti tábìlì aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ètò ìṣúná ọdún yìí, èló ló sì ti jáde? Mo yà sí ilé-ìwé tí mo ti fẹ̀yìntì lóṣù tó kọjá. Orí sìmẹ́ǹtì làwọn ọmọ kíláàsì kejì jókòó sí, wọ́n gbé ìwé lé itan.

Alhaja kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun