Ẹ fún aṣọ ẹ̀rọ ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Ìtòkú

Olóòtú wa,

Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó tó rọlẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti Amẹ́ríkà wálé lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ tuntun kọ́ ló ń wá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ ló fẹ́, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí, tí wọ́n sì rì bọnú aró èlú léraléra kó tó dúdú dáadáa. Ọmọ náà ń tọ́jú aṣọ àtijọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń tọ́jú tọ́rọ́ àti sísì.

Ní ìsọ̀ kan, wọ́n mú Ọlọ́ba jáde. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ mọ Ọlọ́ba: Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀, tí àwọn aládìrẹ yà sáṣọ nígbà tí ọba òyìnbó náà pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935. Obìnrin tó ń tà á ní inú àpótí ìyá ìyá òun ló ti yọ ọ́. Aṣọ náà sì ń rùn káfúrà lóòótọ́. Ó pè é ní ₦40,000, a ná an títí, a san ₦28,000. Ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jó láàárín ọjà.

Nígbà tí a délé, a tú u palẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ funfun báláú. Létí rẹ̀, lẹ́tà wínníwínní tí ẹ̀rọ tẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ ẹ̀rọ ni, tí wọ́n kàn tẹ àwòrán àdìrẹ sí.

Ojú tì mí, nítorí ọmọ aláró ni mí. Ó yẹ kí n mọ̀. Iwájú aṣọ nìkan ni wọ́n máa ń ya ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọlé sí, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa mu aró ju iwájú lọ. Ti ẹ̀rọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń funfun. Ọmọdé tó bá ti gbé inú ilé aláró rí mọ èyí. Ṣùgbọ́n ta ló ń yí aṣọ padà nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ lé ara wọn bí iṣu?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí wọ́n má ta aṣọ ẹ̀rọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra aṣọ aláró náà fẹ́ ró. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí tábìlì kan náà, orúkọ kan náà, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń tà á. Àdìrẹ ni wọ́n ń pe èyí, àdìrẹ ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Àwọn tó ń gbowó lọ́jà wá ńkọ́? Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹnì kan ti já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ẹnìkejì ní a gbé fóònù sókè láti ya àwòrán, a gbọ́dọ̀ san tiẹ̀. Ẹnìkẹta ní owó ìmọ́tótó ni tòun, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé ìgbẹ́ tí ènìyàn lè wọ̀ láìdi imú. Gbogbo wọn mọ iye tí àlejò lè san, ẹnìkankan nínú wọn kò bèèrè ohun tí wọ́n ń tà fún un. Àwọn ọ̀gá wọn náà, bí àyájọ́ bá dé, wọ́n á da agbádá àdìrẹ bora, wọ́n á ní ògo Ẹ̀gbá nìyí. Aṣọ tó wà lọ́rùn wọn gan-an, ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò?

Ní 1936, láyé Aláké Adémọlá Kejì, ààfin fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó nítorí pé aṣọ ń bàjẹ́. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n jà sí i títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ẹ wò ó, nígbà náà wọ́n ń bá aláró fa ohun tó wà nínú ìkòkò aró rẹ̀. Lónìí, aṣọ tí kò kan ìkòkò aró rí ń wọlé, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Oúnjẹ gan-an kò tù wá nínú. Ìyá tí mo máa ń jẹ láfún lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ń ba ojú ọjà jẹ́. Láfún yìí kan náà ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ, mo sì ti fọkàn sí i pé ibi àwo láfún ni màá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà. Gàlà la jẹ nínú mọ́tò.

Ohun tí mo rò pé ó lè tán an ni ìsọ̀. Aláta ní ìsọ̀ tirẹ̀, ẹlẹ́ja ní tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ẹja wá sáàárín aláṣọ, kò sí ẹni tó máa dúró de ọlọ́pàá kó tó lé e. Kí wọ́n pín ọjà àdìrẹ sí mẹ́ta: aṣọ ẹ̀rọ, aṣọ aláró tuntun, aṣọ àtijọ́. Ní ti àtijọ́, kí ó jẹ́ òfin pé olùtajà á tú aṣọ, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kó tó dárúkọ iye. Kí Ìyálọ́jà fi ìyá aláró méjì tó ti dàgbà jókòó síbẹ̀ ní Sátidé, tí wọn yóò máa dájọ́ bí iyèméjì bá wà. Ọwọ́ tó ti kun aró fún ogójì ọdún kò ní ṣi aṣọ mọ̀. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, kí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ìtàdógún kan. Wọ́n á ní àwọn kan náà ló ń ta méjèèjì. Kí wọ́n gba ìsọ̀ méjì.

Kí wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ẹyọ kan. Kí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́. Kí wọ́n dá ìyá oníláfún padà sáyè rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Amẹ́ríkà, ó fi Ọlọ́ba sílẹ̀ fún mi. Ó kọ̀wé lánàá pé òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ó ní ṣé kí òun tún mú owó àdìrẹ dání. N kò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Aláró, Abẹ́òkúta