Mọ́tò ló ń yan ọ̀nà fún mi l'Adó

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kí n tètè là á kí ẹ má bàa rò pé maruwa ni mò ń sọ, kẹ̀kẹ́ tèmi yìí bàsíkù ni, èyí tá à ń fẹsẹ̀ wà. Télọ̀ ni mí, Báṣìrì ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìjìgbò. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo l'óṣù karùn-ún 2023 tí owó ọ̀kadà fò sókè ni mo lọ ra tòkunbọ̀ kan, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀, ikùn tí iyán kó fún mi gan-an ti ń wọlé.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òkè ni ò jẹ́ kéèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ l'Ékìtì. Irọ́ ni. Òkè kì í fun họ́ọ̀nù séèyàn létí. Tó bá ti ga jù mo máa sọ̀kalẹ̀, mo máa tì í, ó parí. Mọ́tò ni wàhálà mi.

Ọ̀nà tó yá ni kí n gba Fájuyì já s'Òkèsà kí n tó bọ́ s'Íjìgbò, bí ìṣẹ́jú ogún péré. Mi ò gbà á mọ́. Inú àdúgbò ni mò ń gbà, ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sójú ọ̀nà, kòtò ibẹ̀ ò lóǹkà, òkè ẹ̀ tún le ju ti títì lọ, ó ń gbà mí tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì, mo ṣì fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ló fà á. Mo gbé léèsì oníbàárà tí mo ti rán tán sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, aṣọ ẹbí òkú àgbà tí wọ́n máa wọ̀ ní Sátidé, bọ́ọ̀sì akérò kan wá kọjá lára mi báyìí, míró ẹ̀ gbá mi nígùn-únpá, mo ní kí n yà sọ́tùn-ún, àṣé gọ́tà tí ò ní ìdérí ló wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wọlé, èmi wọlé, léèsì wọlé. Kọ̀ńdọ́ yọrí lójú fèrèsé, ó ní "Bàbá, ẹ lọ ra mọ́tò!" Òru mọ́jú ni mo fi fọ léèsì yẹn (oníbàárà mi ò mọ̀ títí dòní, ẹ má sọ fún un).

Mo gbọ́ pé ní Jámánì, òfin ní kí mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ láàárín ìlú fi mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlú, mítà méjì. Mo bá mú téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, mítà kan àtààbọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 íǹṣì, bí gbogbo téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún wa l'Adó ò ju kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Kì í sì í ṣe pé mọ́tò pọ̀ nìkan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò dẹ́rù bà mí, gbogbo wa la jọ ń wọ́. Ìgbà tí títì bá ṣófo tí wọ́n wá ń sáré àsápajúdé, ìyẹn ni àyà mi ń já, tàbí kí maruwa dúró gbì kó èrò, kí ọ̀kadà gba wọn-wéè bọ̀ níwájú, kí ẹni tó páàkì ṣílẹ̀kùn lójijì. Àwa náà ò mọ́ tán o, àwọn kan wà nínú wa tí ò ní búrékì, bàtà ni wọ́n fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Àjọ ìlera àgbáyé fara mọ́ ọn pé níbi tí mọ́tò bá ti ń bá ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ du ọ̀nà, kí eré má kọjá 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Mi ò tiẹ̀ ní kí wọ́n ṣe tiwa bíi ti Holland, níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́. Kí wọ́n ṣáà bo gọ́tà, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún wa, kí wọ́n sì lé àwọn tó ń páàkì síbẹ̀ kúrò.

Gọ́tà ọjọ́ yẹn ṣì lanu sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yà á ní fọ́tò, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ Furaidé, mo máa mú yín lọ. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn débẹ̀ o.

Èmi ni,
Télọ̀ oníkẹ̀kẹ́,
Báṣìrì, Adó-Èkìtì.