Ike mínírà tẹ́ ẹ dà sí gọ́tà, igi ni mo fi ń so pọ̀

Olóòtú wa,

Mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Káfíńtà ni mí, Ebúté Mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi pákó jẹun, ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ò sì jìnnà sí Òkò Bàbá nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ojú ọ̀sà wọ́ gẹdú wá síbẹ̀. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa ike tó ń dí gọ́tà, òótọ́ lẹ sọ, òjò tó rọ̀ kẹ́yìn gbé omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tá a fi máa gbọ́n ọn tán ike omi àti ike mínírà tá a kó lẹ́nu ọ̀nà kún àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta bámúbámú. Àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ ò mẹ́nu bà, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí lálẹ́ òní: ike yẹn wúlò fún àwa oníṣẹ́ igi, ó ń so igi mọ́ igi, ó sì ń dì í mú gan-an, kò sí ìṣó ńbẹ̀, kò sí gúlú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ní ìkóríta wa gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ wá bá mi, ó ní "Bọ̀dá káfíńtà, ẹ bá mi wo àpótí yìí, díẹ̀ ló kù kó dà mí sínú epo gbígbóná." Mo yí àpótí dé, mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n ti kàn sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ ló ti dógùn-ún, igi yẹn sì ti là wọ inú. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà mọ̀ pé ìṣó kì í pẹ́ dógùn-ún lọ́dọ̀ wa. Igi apá ni, ó ti gbẹ, ó le bí òkúta, tí mo bá tún kan ìṣó karùn-ún sí i ó di igi ìdáná nìyẹn. Mo ní kí ìyá fi í sílẹ̀ dọ̀la, kì í ṣe pé mo mọ nǹkan tí mo fẹ́ ṣe sí i o.

Ọmọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo lọ gba ṣéńjì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá a níbi tó ti ń so wáyà ṣájà kan tó já. Ó ki rọ́bà dúdú kékeré kan bọ ojú ibi tó so, ó fẹ́ bulówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, sí i, rọ́bà yẹn bá súnkì mọ́ wáyà pinpin, o ò lè ki èékánná bọ àárín wọn. Mo ní "Àbúrò, irú rọ́bà wo rèé?" Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ike mínírà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ṣé ẹ ò da omi gbígbóná sínú ẹ̀ rí ni?" Ẹnu yà mí, torí ta ni ò dà á rí, gbogbo wa la ti rí i bí ike ṣe ń rún káàkiri tó ń di kékeré, a kàn ń bínú pé ike ti bàjẹ́ ni, kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé agbára wo ló ń fà á wọlé yẹn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú ike mínírà kan, mo gé orí, mo gé ìdí, ó ku àárín tó rí roboto bí ẹ̀gbà ọwọ́. Mo ki ẹsẹ̀ àpótí yẹn àti igi tuntun tí mo gé tì í bọ inú ẹ̀, mo yá bulówà àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, mò ń yí igi yẹn po. Ike yẹn kọ́kọ́ gbọ̀n, etí ẹ̀ ká díẹ̀, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìgbà tó yá gbogbo ara ẹ̀ bá ń fà wọlé, ó ń lẹ̀ mọ́ igi, ó ń wọ ibi tó kọ́ kòrókòrò, mò ń rí ojú igi yẹn gba inú ẹ̀ kedere bí ìgbà tí wọ́n bo fọ́tò ní gíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀. Nígbà tó tutù mo fi ọwọ́ méjèèjì mì í, kò yẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé e, mo jókòó lé e, kò yẹ̀.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èèkù àdá ẹ̀ là, ó fi awọ ewúrẹ́ tútù we é, ó rán an pọ̀, ó sá a sóòrùn, nígbà tó fi máa gbẹ ó ti le, ó ti fún, àdá yẹn lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó ń ṣe ìlù mọ̀ ọ́n dáadáa, awọ tútù ni wọ́n ń fà sójú igi, gbígbẹ ló ń fà á le. Ohun tí oòrùn ń ṣe fún awọ náà ni ooru ń ṣe fún ike. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjòjì sí wa rárá, nǹkan tá a fi ń ṣe é ló yí padà.

Àbúrò mi yẹn ló wá ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún mi, mo sì ti bi àwọn míì tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ike mínírà kì í tóbi bó ṣe rí yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kékeré ni, ó nípọn, ó gùn bí ìka ọwọ́ tó sanra, ibi tá a ń dé ìdérí sí nìkan ló ti pé lára ẹ̀. Wọ́n á gbé e gbóná, wọ́n á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti nà án, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú mọ́ọ̀dù títí á fi wú tó fi máa mú àwòrán ìgò, wọ́n á wá mú un tutù kíá kó má bàa padà. Ó fẹ́ padà o, òtútù ló dá a dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ooru bá ti tó 75 sí 80 dígírì, ara ẹ̀ á dẹ̀, á máa wá ọ̀nà àtipadà di kékeré. Ẹ máa rí i pé ọrùn ike kì í súnkì, torí wọn ò nà án, àárín ìdí ẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì, a máa ń gé méjèèjì sọnù ni. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nathaniel Wyeth ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí irú ìgò yìí lọ́dún 1973. Lọ́dún 2016 ni obìnrin kan tó kàwé ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Micaella Pedros, wá fi ike tí wọ́n dànù so igi pọ̀ títí ó fi di àga àti tábìlì. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, mo ṣáà mọ̀ pé orí mi ò dàrú.

Kí n má parọ́, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó gún. Orí igi tí mo ti fi sánpépà ha dán ni mo kọ́kọ́ ṣe é sí, ó fún mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá fà á gùngùn ó ń yọ̀ bọ́. Mo wá ń fi ayùn kọ ìlà tí ò jìn yí igi po, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ike bá ti wọnú ìlà yẹn kò lọ síbì kankan mọ́. Mo gbìyànjú iná èédú nígbà tí NÉPÀ ò mú iná wá, èéfín kùn ún dúdú, ẹ̀gbẹ́ kan yọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì súnkì. Mo da omi híhó láti inú kẹ́tù sí i, ìyẹn ṣiṣẹ́, ó súnkì dáadáa, àbí kí n ní ó tàn mí, torí igi mu omi ó wú, nígbà tí igi gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó fẹ́lẹ́ padà, ike wá dẹ̀. Hándì díráyà àwọn onídìrí náà ń ṣe é fún ike omi tó fẹ́lẹ́, ó kàn ń pẹ́ ni. Bulówà ló dáa jù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i, torí tí ooru bá pọ̀ jù lójú kan ike á funfun bí ẹyin tó jinná, tó bá ti funfun báyẹn á máa fọ́ ni, kò ní lágbára mọ́.

Ike mínírà nípọn ju ike omi lọ torí gáàsì tó wà nínú ẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sínú ẹ̀, irú ẹ̀ la fẹ́. Tí igi bá tóbi ju ike lọ, mo máa ń gé ike yẹn yípo bí ìgbà téèyàn ń bó ọsàn, kó gùn lọ láì já, mo kan bíléèdì mọ́ pákó kan tí mo fi ń gé e. Nínú ike lítà kan àbọ̀ kan ṣoṣo, tí mo bá gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan ní fífẹ̀, mò ń rí bíi mítà márùn-ún okùn. Mo máa ń fi we igi, mo di í ní kókó, mo wá fẹ́ iná sí i. Bẹ́ńṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, okùn yẹn ló di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń jókòó lé e kí wọ́n tó mọ̀.

Ibi tó yẹ kó dé ló yẹ kó dé o. Mi ò ní fi so àkàbà tí ènìyàn máa gùn, mi ò ní fi so igi òrùlé, mi ò ní gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ẹnikẹ́ni, oòrùn tó ń lù ú lójoojúmọ́ náà á sọ ọ́ di gbígbẹ bó bá yá. Ẹ má fẹ́ iná sí páìpù omi tí wọ́n fi PVC ṣe, gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀ tó bá jó burú fún àyà. Kódà tó bá jẹ́ ike mínírà ni, ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà, tẹ́ ẹ bá ti rí èéfín ẹ ti ṣe é kọjá ààlà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé tí igi kan bá kán, ọ̀bẹ la fi ń la ike yẹn, a máa tú u, a máa pààrọ̀ igi yẹn nìkan, ìyókù wà bó ṣe wà. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú ìṣó tó ti dógùn-ún kẹ́ ẹ wò ó.

Ohun tó ń dùn mí ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Oníbàárà kan fẹ́ kí n ṣe àga kékeré mẹ́fà fún àwọn ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, mo ṣe ọ̀kan fún un kó wò, ó rí ike lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, pàǹtí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jókòó lé?" Kò wò ó bóyá ó dúró, kò jókòó lé e, ó ti lọ. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwa náà la máa ń ra ẹ̀pà inú ìgò ọtí, a máa ń ra epo pupa, sóbò àti kúnnù inú ike tí ẹlòmíì ti lò, kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní pàǹtí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tó bá dé ara igi la rí i bí ohun ẹ̀gàn?

Ìjọba Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun un nì ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025 wọ́n fi sítíróò, kọ́ọ̀pù ìlò-ẹ̀ẹ̀kan àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un, mo fara mọ́ ọn. Ike mínírà ò sí nínú ẹ̀, àwọn tó ń ṣà á tí wọ́n ń tà á ní kílò-kílò sì ń fi jẹun, mi ò fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu wọn. Èyí tí mò ń wí ni èyí tí wọn ò rí ṣà, tó ti wọ gọ́tà, tó ń léfòó lórí ọ̀sà lábẹ́ ilé àwọn ará Mákòókó.

Torí náà, olóòtú, ẹ bá mi bẹ ẹgbẹ́ àwa káfíńtà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jẹ́ ká fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ wa níjọ́ ìpàdé, kò gba wákàtí kan. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ igi ní Yaba Tech tó wà nítòsí wa, kí wọ́n gbé ìwúwo lé e kí wọ́n dán an wò dáadáa, kí wọ́n sọ iye tó lè gbé, torí èmi o, ìjókòó ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá láyè ojú ìwé kan, ẹ rán ayàwòrán yín wá, màá ṣe é lójú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá alákàrà ṣì ń jókòó lórí àpótí yẹn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹ lè kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Èmi ni,
Ọ̀gá káfíńtà kan, Ebúté Mẹ́ta, Èkó