Lórí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là láyé àtijọ́

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ń jiyàn l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, pé dọ́là 1 kò tó náírà 1 nígbà kan kò parọ́, nítorí pé lọ́dún 1973 tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn Nàìjíríà, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 66 ni dọ́là kan. Àmọ́ ìjọba ló dá iye yẹn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ọjà dá iye náírà ní Oṣù Kẹsàn-án 1986, dọ́là kan kọjá náírà 4. Àgbẹ̀ kòkó Oǹdó, tí àjọ ìjọba ń dá iye kòkó fún nígbà náà, kò sì jẹ àǹfààní náírà líle náà (ẹni tó ń ra ọjà òkèèrè ló jẹ ẹ́). Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún tẹ iye àtijọ́ jáde, ẹ fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó níta báńkì nígbà náà sí i.

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́.