Sí Ọmọ Mi, Lórí Oko Obì Wa ní Ṣàgámù

Àyìnlá ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, ó sì yé mi pé àwọn tó ń kọ́lé tà fẹ́ ra oko obì tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. N kò bínú. Ẹni tó bá dé oríta tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin yóò mọ ìdí tí ilẹ̀ Rẹ́mọ fi gbówó lórí. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí o mọ ohun tí o fẹ́ tà.

Lọ́dún 1872, nítorí ogun, ni Òfin, Màkún, Ṣónyìndó àti àwọn ìlú Rẹ́mọ mìíràn kó ara wọn jọ sójú kan di Ṣàgámù. Obì ló sì sọ ibẹ̀ di ọjà tí àwọn ará Òkè Ọya ń bá wá títí wọ́n fi tẹ Sábó dó. Àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni àwa fi ń bọ, òun la fi ń sọmọ lórúkọ. Gbànja aláwẹ́ méjì ni àwọn ń rà, òun ló sì pọ̀ jù nínú oko wa. Igi tí a fi èso gbìn lè lo ọdún 5 sí 7 kí ó tó so, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè so fún ọdún tó lé ní 50. Èyí tí katakata bá hú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwọ kọ́ ni yóò jẹ èso àrọ́pò rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwa obìnrin ló sì ń sọ ọ́ di owó. A ó la èso náà, a ó rẹ ẹ́ sómi kí èépo funfun ara rẹ̀ lè bó, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, a ó wá kó ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́, tí a ó sì máa yẹ̀ wò, tí a ó máa pààrọ̀ ewé rẹ̀, kí ó má baà gbẹ tàbí kí ó rà. Ẹni tó bá mọ ìtọ́jú yìí kì í sáré tà láti Ọ̀wàrà sí Ọ̀pẹ, nígbà tí obì kún ọjà. Ó ń dúró de ìgbà ọ̀wọ́n.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ìdí òwò náà, nítorí ẹrù a máa dé Kano kí owó tó padà. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ṣàgámù lórí orò ní oṣù keje ọdún 1999, tí ó sì ràn dé Kano, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò. Nítorí náà, máa bọ̀wọ̀ fún àwọn oníbàárà wa ní Sábó, kí o sì kọ́ èdè wọn.

N kò ní tàn ọ́: díẹ̀ nínú àwọn igi náà ti gbó, wọn kò so dáadáa mọ́. Wá kí Ọ̀wàrà tó wọlé, kí ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ jọ yí oko náà ká, kí ẹ sàmì sí èyí tí ẹ ó gé, kí ẹ sì wá ọ̀dọ́ igi tí ẹ ó fi dípò wọn. Ilẹ̀ ẹbí ni. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ta apá kan, gbogbo ẹbí ni yóò jókòó sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.