Kúlà oúnjẹ yẹn nìkan ti tó

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iná ti dé sí họ́sítẹ̀ẹ̀lì yín? Àwa náà wà ní Ìṣẹ́yìn níbí, a dúpẹ́. Màmá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo ti ka ìtàn tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fẹ́ fi ya fídíò orin, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ orin náà, mo sì wo aago: ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn, ọmọbìnrin yín fẹ́ lọ́kọ, ọkọ fẹ́ lọ Lọ́ńdọ̀nù, ìyá fẹ́ kú, ọkọ fẹ́ padà dé, wọ́n sì tún fẹ́ bímọ. Háà! Ìyẹn ti di fíìmù apá kìíní àti ìkejì.

Má bínú o. Ohun kan wà níbẹ̀ tó mú mi lọ́kàn, ìlà méjì péré lo sì fún un: ibi tí ọmọ náà ti gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ tó ń wa Micra ní Dùgbẹ̀, tí kò bá a. Da ìyókù nù, kí o mú ìyẹn. Ọmọ gbé kúlà oúnjẹ jáde láàárọ̀. Ó dé Dùgbẹ̀, wọ́n ní bàbá ti gbé èrò lọ sí Ìwó Road. Ó dé Ìwó Road, wọ́n ní ó ti kọjá sí Mọ́kọ́lá. Oúnjẹ ń tutù, oòrùn ń wọ̀. Ta ló máa wò ó tí kò ní fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rí i? Ẹ kò nílò àlàyé kankan, nítorí ohun tó gbé e jáde nílé wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń rí i.

Àmọ́ kí o tó tan kámẹ́rà, mọ àwòrán tí yóò gbẹ̀yìn. Ṣé ó rí bàbá? Àbí òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́bàá títì tó jẹ oúnjẹ náà? Ìwọ ni kí o yàn.

Mo tún rí i pé bí olórin bá ti pe omi, ẹ̀yin náà á fi omi hàn. Bó bá ní ọ̀nà jìn, ẹ̀yin náà á fi ọ̀nà hàn. Kí ló dé? Etí ṣáà ti gbọ́ ọ. Nígbà tó bá ń kọ ọ́ pé ọ̀nà jìn, fi ọwọ́ ọmọ náà hàn mí bó ṣe ń fi ìborùn wé kúlà kó má baà tutù.

Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 4, 55 lẹ ó nílò. Yà wọ́n sínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kódà kó jẹ́ àwọn ènìyàn onígi tí o máa ń yà sára ògiri mi nígbà tí o wà ní kékeré. Kí o wá tò wọ́n bí ibi tí ẹ ó ti yà wọ́n bá ṣe rí: gbogbo ti Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tàbí òpin rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá di ṣùkú ní Sátidé, ṣùkú yẹn ni kó wà lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi parí.

Ẹ yọ Màpó, Cocoa House àti Ilé Ìṣọ́ Bower kúrò nínú rẹ̀. Ibi tó rẹwà ni wọ́n, mo ti ya fídíò gbowó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun lábẹ́ àwọn òpó Màpó. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tó gbé kúlà ń wá lọ síbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ó gun orí ilé ìṣọ́ yẹn, tó ń wo àwọn páànù tó ti dógùn-ún lọ jìnnà réré, tí a wá rí bí ìlú tó ti ń wá ẹnì kan ṣoṣo ṣe tóbi tó, a jẹ́ pé ìdí wà nìyẹn. Bí kò bá sí ìdí, ẹ fi sílẹ̀.

Ariwo Dùgbẹ̀ kò ní pa yín lára, orin tí ẹ ti gbà sílẹ̀ la ó gbọ́. Àmọ́ ẹ gbé sípíkà tó lágbára dání, kí kámẹ́rà sì máa gba ohùn náà, òun lẹ ó fi mọ ibi tí ẹnu ti bá orin mu nígbà ẹ́díìtì. Kí olórin kọ ọ́ jáde gan-an. Iṣan ọrùn kì í parọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa rìn bí ẹni tó wà lójú àlá, ẹ fi orin náà sí ìlọ́po méjì eré rẹ̀, kí olórin kọ ọ́ bá eré yẹn, kí kámẹ́rà sì gba férémù 48 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn àwọn àwòrán kéékèèké tó ń di fídíò. Bí ẹ bá dá a padà sí 24 nígbà ẹ́díìtì, ẹnu àti orin á pàdé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ tètè dé ibẹ̀, agogo 7. Oòrùn ọ̀sán máa ń da òjìji bo ẹyinjú, àsìkò yẹn ni kí ẹ lọ jẹun. Ẹ kọ́kọ́ kí olórí gáréèjì kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1959, síbẹ̀ bí wọ́n bá rí kámẹ́rà, wọn yóò pé lé yín lórí bí ẹni ń wo eégún.

Èyí ni mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo ń ya fídíò òde, mo ya ìkómọ kan, ìyá àgbà ilé náà jó, ó jó dé ilẹ̀. Mi ò ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó jẹ́ pé bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, kámẹ́rà kò ní lè ya nǹkan mìíràn lé e mọ́. Ní Sátidé kejì mo ya ìgbéyàwó ẹlòmíì lé e lórí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kú, wọ́n wá béèrè ijó yẹn lọ́wọ́ mi. Mo dá owó wọn padà, wọn ò gbà á. Kó o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá yà á, kó iṣẹ́ náà sí ibi méjì, kí méjèèjì má sì wà nínú báàgì kan náà.

Màmá rẹ ní òun ní kúlà aláwọ̀ pupa kan tí ẹ lè lò. Mo ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí ọmọrí rẹ̀ má sọnù.

Bàbá rẹ